Ọ̀nà Òfìfo Láàárín Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ

Ọ̀nà tó ṣófo jù lọ tí mo tíì rí ní Jámánì wà láàárín sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó burú jù lọ tí mo tíì há sí. Ọkọ̀ tò lọ́tùn-ún, ọkọ̀ tò lósì, títí dé ibi tí ojú lè ríran dé, kò sì sí ẹyọ táyà kan láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọ̀nà náà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì wọ ibẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn ọmọ iléèwé wà nínú ìsinmi, lórí márosẹ̀ tó ti Berlin lọ sí Hamburg. Àwa mẹ́ta la wà nínú ọkọ̀. Bùọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Houston, tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, ló ń wa ọkọ̀ tó háyà. Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣadé, ọmọbìnrin mi tí mo bí sí Berlin, wà lẹ́yìn, ó ki nǹkan orin bọ etí. Ní pápákọ̀ òfuurufú Hamburg, Màmá Àkúrẹ́ ń dúró dè wá.

Àbúrò ìyá wa ni Màmá Àkúrẹ́. Òun ló tọ́ wa dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Hamburg ló bímọ, ló wá bá a tọ́jú ìkókó. Físà rẹ̀ ti ń tán lọ, ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ á gbéra ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Èmi ti lọ kí i kó tó dìgbà yẹn. Bùọ̀dá Délé ni kò tíì fojú kàn án láti ìgbà tó ti fi ilé sílẹ̀, nígbà tí irun ṣì kún orí rẹ̀. Ìwé ìgbélùú ló kọ́kọ́ dá a dúró ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà iṣẹ́, lẹ́yìn náà ọmọ. Ọjọ́ Ẹtì ló balẹ̀ sí Berlin. Sátidé yẹn nìkan ló kù.

“Ohun tí mo fẹ́ ni kí n dọ̀bálẹ̀ fún un,” ló sọ fún mi kí n tó kí i káàbọ̀ tán. “Èèyàn ò lè dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù.”

Iṣẹ́ oníròyìn ni mo ṣe nílé, ní Ìbàdàn, kí n tó wá síbí wá máa fọ abọ́ ní ilé kọfí kan ní Kreuzberg, ní Berlin. Oníròyìn tí kò gbọ́ èdè ìlú dà bí ọdẹ tí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹran ń kọjá níwájú mi lójoojúmọ́, n kò lè ṣe nǹkan kan. Mo ń fọ abọ́, etí ń yún mi.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi. Ní Moabit, àdúgbò mìíràn ní Berlin, ni, nígbà tí mo ń lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fún àjèjì ní ìwé. Mo dé ibi tí iná ojú ọ̀nà wà. Iná pupa ni. Kò sí ọkọ̀ lọ́tùn-ún, kò sí lósì. Síbẹ̀ àwọn èèyàn dúró ṣinṣin, bí ẹni tí wọ́n ń gbàdúrà fún. Mo sọdá. Ìyá arúgbó kan pariwo mọ́ mi láti ẹ̀yìn. N kò gbọ́ ohun tó wí, àmọ́ mo há a sórí, mo sì lọ bi obìnrin tí a jọ ń fọ abọ́.

“Ó ní kí o ronú nípa àwọn ọmọdé tó ń wò ẹ́,” ló sọ fún mi.

Mo rántí ibẹ̀ dáadáa. Kò sí ọmọdé kankan níbẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún Màmá Àkúrẹ́ lórí fóònù lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e. Nígbà yẹn, ohùn rẹ̀ nìkan ni Yorùbá tí mo ń gbọ́ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

“Kò sí ọkọ̀, kò sí ọmọ, wọ́n sì dúró?”

“Wọ́n dúró, Mà.”

“Ta ni wọ́n wá ń dúró dè?”

Mo gbé ìbéèrè náà rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ilé tí mo kọ́kọ́ gbé ní Gesundbrunnen, a máa ń pàdé ara wa lórí àtẹ̀gùn, èmi àti àwọn aládùúgbò mi, wọ́n á sì kọjá bí ẹni pé ògiri ni mí. Mo rò pé wọ́n kórìíra mi ni. Mo lọ sunkún sí ọ̀dọ̀ Màmá Kẹ́mi, tó ń ta oúnjẹ ilé ní àdúgbò náà, tó sì ń bá èèyàn fi ẹrù ránṣẹ́ sílé. Kò dá iṣẹ́ dúró. Ó ń fi téèpù di páálí kan lọ.

“Wọn ò ní kí ẹ,” ló wí. “Gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ ṣubú lulẹ̀ lójú títì ná. Wàá rí iye ọwọ́ tó máa gbé ẹ dìde. Tí wọ́n bá gbé ẹ dìde tán, wọn ò tún ní kí ẹ.”

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo dúró níbi iná pupa lọ́jọ́ kan, títì dá páropáro. Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé sọdá fìrì, ó bojú wẹ̀yìn wò mí, ó ní, “Àǹtí, kí lẹ ń dúró dè?” Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo dúró. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n dúró. Mi ò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ tàbí kí n sunkún. Èèyàn kì í mọ ọjọ́ tí ìlú kan wọ òun lára.

Bùọ̀dá Délé ní tirẹ̀ gbà pé òpópónà ni òpópónà ń jẹ́ níbi gbogbo. Wákàtí méjì ló ń lò lórí márosẹ̀ lójoojúmọ́ ní Houston. Láti Berlin ló ti ń yin ọ̀nà Jámánì. “Ó tẹ́jú bí awọ ìlù,” ló ń wí ṣáá. Nígbà tó yá, a há lẹ́yìn Wittstock. A bọ́ níbẹ̀, a tún há lẹ́yìn Hagenow, tó kù díẹ̀ ká wọ agbègbè Hamburg.

“Stau,” ni Ṣadé wí lẹ́yìn, bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń rọ̀. Orúkọ tí àwọn ará Jámánì ń pe sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ nìyẹn.

Fóònù mi dún. Màmá Àkúrẹ́ ni. Mo tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́.

“Ẹ ti dé ibo?”

“A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, Mà.”

“Màmá àgbà, irọ́ ni,” Ṣadé bọ́ sí ọ̀rọ̀. Tí mo bá fi Yorùbá bi ọmọ yìí ní nǹkan, Jámánì ló fi ń dá mi lóhùn. Màmá Àkúrẹ́ nìkan ló máa ń sọ Yorùbá fún. “A ò tíì rí Hamburg rárá.”

“Ọmọ olóòótọ́ yìí, ta ló bí i?” Màmá bú sẹ́rìn-ín. “Wọ́n ní kí n wọlé síbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò. Mo ní mi ò wọlé. Wọ́n gbé mi sórí àga alágbàá tí wọ́n fi ń ti arúgbó, ọmọ tó ń tì í wá ń wo aago. Mo ti fún un ní kúlíkúlí. Ó ti jókòó tì mí.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i.”

“Sùúrù tèmi ò tán. Kúlíkúlí ló ń tán lọ.”

Bùọ̀dá Délé ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo iwájú. Bí ọkọ̀ ṣe ń dúró, àwọn tó wà lọ́nà òsì ń sún mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ òsì, àwa tó wà lọ́nà ọ̀tún ń sún sí etí ọ̀tún. Àárín là gbọọrọ, bí irun tí wọ́n fi ìyarun pín sí méjì.

Ohun tó rò nígbà yẹn, ó sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyí: “Lọ́dọ̀ wa, tí o bá ń lọ síbi iṣẹ́, tí ọ̀nà bá há, wọ́n ya ọ̀nà kan sọ́tọ̀ láàárín. Tí ẹ bá ju ẹnì kan lọ nínú ọkọ̀, ẹ wọ ibẹ̀. Tí o bá dá wà, sanwó kí o wọ ibẹ̀. Kámẹ́rà lókè ló ń ya nọ́ńbà ọkọ̀, owó tí o máa san á wá bá ẹ nílé. Ó sábà máa ń ṣófo, torí pé àwọn èèyàn ò fẹ́ gbé ara wọn, wọn ò sì fẹ́ sanwó. Mo wo àárín, ó ṣófo. Mo wòkè, mo rí irin tó dábùú ọ̀nà, kámẹ́rà wà lórí rẹ̀. Mo ka ara wa, a ju ẹnì kan lọ. Kí ló tún kù?”

Ohun tó sọ jáde nínú ọkọ̀ kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní, “Ahun mà pọ̀ nílùú yìí o,” ó sì yí ọkọ̀ sí àárín.

Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kí n tó gbórí sókè, a ti ń sáré láàárín ọ̀wọ́ ọkọ̀ méjì bí ẹni tó ń kọjá láàárín àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba. Ṣadé fa nǹkan etí yọ.

“Onkel, nein! Das ist die Rettungsgasse!”

“Kí ló wí?”

“Ẹ jáde níbẹ̀! Ọ̀nà áńbúláǹsì ni!”

Bùọ̀dá Délé wo dígí ẹ̀yìn. “Áńbúláǹsì dà?”

Lóòótọ́, kò sí. Ọ̀nà ẹ̀yìn wa ṣófo bíi ti iwájú.

“Bùọ̀dá mi, ẹ dákun, ẹ padà sí ẹ̀gbẹ́,” ni mo wí.

“Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà? Èmi tí mo fi kẹ̀kẹ́ gbé ẹ lọ síléèwé?”

Àwọn ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè mọ́ wa. Èyí tí a kọjá fun ún, èyí tó kàn fun ún. Ọkùnrin kan na ọwọ́ jáde, ó ń lu ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀.

“Ìlara,” Bùọ̀dá wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti ń rọlẹ̀.

Ìgbà náà ni iná búlúù yọ nínú dígí.

Màmá Àkúrẹ́ ṣì wà lórí fóònù. “Kí ló ń ké bẹ́ẹ̀ yẹn?” ló bèèrè, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Mo pa fóònù. Bùọ̀dá tẹ ìjánu. Ọkọ̀ sún mọ́ra lọ́tùn-ún, ó sún mọ́ra lósì, kò sí ibi tí a lè forí sí. Áńbúláǹsì ń bọ̀, ariwo rẹ̀ kún inú ọkọ̀ wa, mo rí ojú awakọ̀ rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì júwe pé ẹ kúrò, ẹ kúrò.

Tírélà kan ló yọ wá. Awakọ̀ rẹ̀ sún iwájú díẹ̀, ó yí i sí etí ọ̀nà pátápátá, ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fà sẹ́yìn, àlàfo kékeré ṣí. Ó na ìka sí ibẹ̀. Bùọ̀dá ki imú ọkọ̀ bọ inú àlàfo náà, ìdí ọkọ̀ wa ṣì yọ síta. Áńbúláǹsì dín eré kù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ó rá pálá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó tún fò sáré. Ọkọ̀ panápaná tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ ọlọ́pàá ló kẹ́yìn, ó sì dúró.

Nígbà tí ọlọ́pàá ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ wa sílẹ̀, awakọ̀ tírélà bọ́ sílẹ̀. Ará Poland ni, Jámánì rẹ̀ ò dán ju tèmi lọ. N kò lè ṣe é kí n má bi í léèrè. Kí ló mú un dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti àárọ̀, nígbà tí kò rí áńbúláǹsì kankan?

“Ọ̀nà yẹn kì í ṣe tèmi,” ló dáhùn. “Kì í ṣe tiyín náà. A kàn ń bá ẹnì kan tọ́jú rẹ̀ ni.”

Mo bi í pé ta ni ẹni náà. Ó gbé èjìká. “Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?”

Ọlọ́pàá obìnrin kan ló bá wa sọ̀rọ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí tó wà níwájú díẹ̀. Bùọ̀dá Délé ti mú káàdì ìsanwó rẹ̀ jáde.

“Sọ fún un pé mo ṣetán láti san owó ojú ọ̀nà,” ló wí.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà wò mí. “Owó ojú ọ̀nà wo?”

“Kámẹ́rà tó wà lókè yẹn ńkọ́?”

“Ti tírélà nìyẹn. Àwọn tírélà ló ń sanwó. Kò kan ọkọ̀ yín.”

“Tí kò bá kàn wá, kí ló dé tí ẹ fi dá wa dúró?”

Ṣadé ò jẹ́ kí n túmọ̀ ìyẹn. Ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó ya àtàǹpàkò sọ́tọ̀, Yorùbá sì ń tú jáde lẹ́nu ọmọ mi bí omi ẹ̀rọ. “Ẹ wò ó. Àtàǹpàkò ni ọ̀nà òsì. Àwọn ìka yòókù ni ọ̀nà ọ̀tún. Àlàfo yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń fà báyìí, a ti gbọ́dọ̀ ṣí i sílẹ̀, ká tó gbọ́ ariwo kankan. Tí a bá dúró dìgbà tí a bá gbọ́ ọ, ó ti pẹ́. Ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n!”

Bùọ̀dá Délé wo ọwọ́ náà fún ìgbà díẹ̀. Ó na tirẹ̀, ó ya àtàǹpàkò tirẹ̀ sọ́tọ̀, ó wò ó.

Ọlọ́pàá náà gba láìsẹ́ńsì rẹ̀ wò. Ó ní kó fi owó ìdúró sílẹ̀, èyí tí wọ́n á yọ owó ìtanràn nínú rẹ̀ tí wọ́n bá dájọ́, torí pé àlejò ni. Ó ní kó má wakọ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn, kí èmi máa wà á lọ. Ó fẹ́ lọ, ó tún yíjú padà.

“Ẹ bá mi bi í,” ló wí. “Ṣé lóòótọ́ ni pé ní Amẹ́ríkà, èèyàn lè sanwó láti fi àwọn yòókù sílẹ̀ nínú Stau?”

“Lóòótọ́ ni,” Bùọ̀dá dáhùn.

“Áńbúláǹsì ńkọ́?”

“Ó máa ń wá ọ̀nà gbà. Tí a bá ti gbọ́ ọ, a máa ń yà fún un.”

“Ilé tiyín ní Nàìjíríà ńkọ́?” Èmi ló bi nísinsìnyí.

Mo sọ òtítọ́ fún un. Mo ní àwọn kan máa ń yà fún un, àwọn kan sì máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn gbágbáágbá kí wọ́n lè bá a jáde nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ó kọ́kọ́ rò pé mo ń ṣe àwàdà. Nígbà tó rí ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì tún pa ẹ̀rín náà mọ́ra kíá.

Èmi ni mo wa ọkọ̀ dé Hamburg. A dúró nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó kù, èmi sún sí etí ọ̀tún, àárín ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bùọ̀dá ń wo òfìfo náà láti fèrèsé bí ẹni tó ń wo odò.

Pápákọ̀ òfuurufú kún fọ́fọ́. Màmá Àkúrẹ́ wà lórí àga alágbàá rẹ̀ níwájú ẹnu ọ̀nà àyẹ̀wò, ó di báàgì mú lórí itan. Ọmọ tó ń tì í dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń jẹ kúlíkúlí. Bùọ̀dá Délé rí i láti òkèèrè. Ó dáwọ́ ìrìn dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ dídán, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì olówó ńlá tó wọ̀. Àwọn arìnrìn-àjò tó ń fa àpótí yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì.

“Dìde, ọmọ mi, ilẹ̀ tutù.” Ó fi ọwọ́ pa á lórí. “Hàáà. Irun dà?”

“Houston ti jẹ ẹ́, Mà.”

“Kò fún ẹ ní nǹkan kan rọ́pò?”

“Ó fún mi ní ikùn yìí, Mà.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà ò sì dúró nígbà tí ẹ̀rín tán. Ó di etí ẹ̀gbọ́n mi mú bíi ti ìgbà tó wà lọ́mọdé. Ọmọ tó ń ti àga ti fi aago rẹ̀ sínú apá ẹ̀wù.

“Kí ló ń ké lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan?” Màmá bèèrè níkẹyìn.

Bùọ̀dá Délé sọ ọ́ fún un. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó tilẹ̀ na ọwọ́ ọ̀tún, ó fi àtàǹpàkò hàn án.

Màmá Àkúrẹ́ gbọ́ ọ tán. “Nítorí tèmi lo ṣe sáré. Èmi tí mo jókòó, tí mo ń jẹ kúlíkúlí.” Ó mi orí. “Ẹni tí wọ́n ń sáré lọ gbé yẹn, ṣé ó yè?”

Ṣadé wo ilẹ̀.

“Ẹ ò bèèrè?” Ó yíjú sí mi. “Ìwọ tí ìbéèrè jẹ́ iṣẹ́ rẹ?”

Wọ́n ti í wọlé. Ó ń juwọ́ títí a ò fi rí i mọ́.

Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Hamburg la sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jókòó sí kíṣìnnì, mo pe àwọn agbẹnusọ ọlọ́pàá agbègbè ibi tí a ti há, bí mo ṣe máa ń pè wọ́n ní Ìbàdàn láyé ọjọ́un. Bùọ̀dá Délé dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mu ún.

Ọkùnrin tó gbé e bèèrè ilé iṣẹ́ ìròyìn tí mo wà. Mo ní n kò sí nílé iṣẹ́ kankan. Mo ní àbúrò ẹni tó wọ ọ̀nà áńbúláǹsì ni mí.

Ó wá ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe máa lọ. Ìwé á kọ́kọ́ dé, wọ́n á bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè ohun tó fẹ́ sọ láti gbèjà ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á dájọ́. Kó má retí pé wọ́n á fojú fò ó nítorí pé àlejò ni.

Mo bi í nípa ẹni tí áńbúláǹsì ń sáré lọ gbé níwájú.

“Obìnrin kan ni,” ló wí. “Òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀ tó ní ìjàǹbá náà. Àwọn dókítà débẹ̀ lásìkò. Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún yín.” Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. “Bí wọ́n bá dájọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń dá a, ẹ̀gbọ́n yín ò ní wakọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí fún oṣù kan. Ara obìnrin yẹn ò ní jẹ́ kó wakọ̀ fún ìgbà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ó máa tún wa ọkọ̀.”